Ìwé ẹ̀rí Gaydon fún Morris Minor: mo sanwó, mo sì gba ohun tí mo wá

Ìwé ẹ̀rí Gaydon máa ń sọ bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe rí nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ra Morris Minor, ọkọ̀ àtijọ́ kan, èyí tó ń ṣí òrùlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má tíì wo òrùlé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí. Lára ògiri irin tó pààlà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi ìjókòó, ẹ ó rí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà ṣáńsísì, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, sí. Òrùlé tèmi ń ṣí, àmọ́ MA2S5 ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà rẹ̀. M dúró fún Morris, A fún irú ẹ́ńjìnnì, 2S fún sàlúùnù (ọkọ̀ tí òrùlé irin rẹ̀ kì í ṣí) onílẹ̀kùn méjì. 5 sì ni ti Minor 1000 tó gba ẹ́ńjìnnì 1098cc láti 1962. Èyí tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe pẹ̀lú òrùlé tó ń ṣí, MAT5 ló máa ń jẹ́.

Ẹni tó ń ta á ní irin pẹlẹbẹ ti ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò tirẹ̀ nígbà kan tí wọ́n ń tún un ṣe. Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Iye sàlúùnù tí wọ́n gé lórí ni mo dá a lé, a ná an títí, ó gbà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Àwọn Minor tó ń ṣí òrùlé wọ́n ju sàlúùnù lọ, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gé sàlúùnù. Òrùlé irin sì wà lára ohun tó di ọkọ̀ yìí mú. Nígbà tí ilé iṣẹ́ yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi irin kún abẹ́ ilẹ̀kùn àti abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó fi ayùn gé e lẹ́yìn ilé rẹ̀ lè má ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí àríyànjiyàn lè parí ni mo ṣe kọ̀wé sí British Motor Museum ní Gaydon, ní Warwickshire. Ọwọ́ wọn ni àkọsílẹ̀ Morris, Austin, MG, Wolseley àti Riley wà. Ìwé tí wọ́n ń pè ní Heritage Certificate ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi: sàlúùnù onílẹ̀kùn méjì, 1963, àwọ̀ Trafalgar Blue, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10MA, àti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà jáde.

Pupa ni ọkọ̀ mi. Mo fa rọ́bà etí ilẹ̀kùn kúrò díẹ̀, mo fi èékánná họ ọ̀dà náà, búlúù sì yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì ńkọ́? 1275cc tí wọ́n yọ lára Morris Marina ni wọ́n ti gbé síbẹ̀. N ò ní yọ ọ́ o, ó mọ òkè gùn ju ti àtijọ́ lọ.

Àmọ́ ẹ fetí sílẹ̀: nọ́ńbà ni ìwé náà mọ̀, kò mọ irin. Ẹnikẹ́ni lè mú nọ́ńbà Mini Cooper S, ìyẹn Mini olówó gọbọi, tó ti jẹrà, kó kàn án mọ́ ara Mini lásán, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ á ṣì jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Bájì, ìyẹn àmì orúkọ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀, kò tiẹ̀ yẹ lóhun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọjà ni wọ́n ti ń rà á.

Àwọn ohun mìíràn wà tí ojú lásán lè rí láìsan kọ́bọ̀. Gbogbo Minor ni àwọn olùtajà ń pè ní Minor 1000, bẹ́ẹ̀ 1956 ni 1000 dé, pẹ̀lú 948cc àti gíláàsì iwájú ẹyọ kan. Bí gíláàsì bá pín sí méjì, ó ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ: Series MM ti 1948 tó ní 918cc, tàbí Series II tó gba 803cc ti Austin. Bí iná iwájú bá wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíríìlì, ẹ rọra, àkọ́kọ́ MM nìyẹn. MAW ni ti Traveller, Minor tó ní igi lẹ́yìn. Igi ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, òun ló gbé ara ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró bíi ti bọ́lẹ̀kájà, torí náà ẹ fi ọ̀bẹ kékeré gún un wò bóyá ó ti rà.

Ẹni tó bá ní Jaguar, ẹ má kọ̀wé sí British Motor Museum, Jaguar Daimler Heritage Trust ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ìwé ẹ̀rí náà. Ẹ̀dà kan ti wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò mi, wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé sàlúùnù tí wọ́n gé lórí ni mò ń wà.