Mots croisés: DS àbí Switch?
Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ràn mots croisés, eré kéèyàn máa fi lẹ́tà kún àpótí ọ̀rọ̀, bíi tèmi, nínú DS àti Switch, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká Nintendo méjèèjì, DS àtijọ́ tó jáde ní 2004 yẹn lèmi máa mú o. Ojú méjì ló ní, tìsàlẹ̀ ṣeé fọwọ́ kàn, kálámù kékeré ẹ̀ lẹ máa fi kọ lẹ́tà sínú àpótí, ẹ kọ A á di A, bí ìgbà téèyàn ń kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn gan-an. Switch ti 2017 fẹ̀ lójú lóòótọ́, ó dáa fáwọn bàbá wa tí ò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ kò bá kálámù wá, kéèyàn máa tẹ lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń sú mi. Tí iná bá lọ ńkọ́? Bátìrì DS ń pẹ́ jù ú lọ. Kẹ́ ẹ tó sanwó lọ́jà Wàǹdó, ẹ ṣáà wò ó bóyá èdè Faransé ni géèmù ọ̀hún wà.