Ibi tí wọ́n ti bi mí bóyá mo ṣì ń rẹ́rìn-ín

Ẹ̀yin ìyá tó ń béèrè klíníìkì tí mo ti ń lọ rí kánsẹ́lọ̀, ìyẹn ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ, n'Íbàdàn, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ní ẹjọ́ kan tí mo máa rò.

Ọ̀sẹ̀ 30 ni mo bímọ, ọjọ́ 34 ló lò ní SCBU, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tuntun tó nílò ìtọ́jú àrà ọ̀tọ̀, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fún un ní omi ọyàn gba imú. A délé tán, ọmọ ń sanra, èmi ni mi ò sùn mọ́. Ínfátà wa, tí iná bá ti lọ á ké píì, bíi mọ́nítọ̀ ẹ̀gbẹ́ inkubétọ̀ gẹ́lẹ́, kí n tó mọ̀ mo ti dìde, mo ti ki ìka bọ abẹ́ imú ọmọ bóyá ó ń mí. Lálẹ́ ọjọ́ kan iná lọ lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa dúpẹ́, olóṣù méje máa ń yè. Mo kúkú dúpẹ́.

Ní klíníìkì, bébà kan ni wọ́n kọ́kọ́ fún mi, èyí tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá ìyá ọmọ jà, Edinburgh ni wọ́n ń pè é, wọ́n ti ń lò ó láti 1987, ìbéèrè mẹ́wàá péré nípa bó ṣe ṣe ẹ́ láàárín ọjọ́ méje. Àkọ́kọ́ ń bi mí bóyá mo ṣì lè rẹ́rìn-ín. Omijé bọ́ sórí bébà, bírò ò kọ mọ́. Nínú 30 mo gba 17, ìdánwò tó jẹ́ pé ẹni tó gba kékeré ló pàsì ṣá.

Ẹjọ́ mi rèé: mo fo ìkẹwàá, tó ń béèrè bóyá mo ti ronú láti ṣe ara mi léṣe, ni nọ́ọ̀sì bá kà á sókè ní pásẹ́ẹ̀jì, lójú ìyá ọkọ mi lórí bẹ́ńṣì. Mo ní rárá. Irọ́ ni.

Inú yàrá kánsẹ́lọ̀ ni mo ti sọ òótọ́. Kò pariwo, kò ní kí n lọ gbààwẹ̀, ó pe ọkọ mi wọlé, dókítà rí mi lọ́jọ́ náà. Mo ní ṣé abisínwín ni, ó ní rárá o, tí èèyàn bá ń gbọ́ ohùn tẹ́lòmíì ò gbọ́, ọsibítù kíákíá nìyẹn. Ó ní kí ọkọ mi máa gba ọmọ láti aago mẹ́wàá sí méjì òru, kí wọ́n sì pa ohùn ínfátà yẹn.

Ẹ máa dúró tó wákàtí méjì, ẹ gbé pámpásì dání. Ìràwọ̀ mẹ́rin. Ẹyọ kan tó kù, kí wọ́n fi ra ilẹ̀kùn sí pásẹ́ẹ̀jì yẹn.