Oparun tó gbé ike pamọ́ sínú: ohun tójú mi rí níbi tí mo ti ń wá nǹkan tí màá máa kó òrí sí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń po òrí àti ọṣẹ dúdú tà bíi tèmi, ẹ sún mọ́bí kẹ́ ẹ má baà lọ sọ owó yín sómi. Látìgbà tíjọba Èkó ti fòfin de styrofoam tí wọ́n fi ń di oúnjẹ lọ́dún 2024 ni àwọn kọ́sítọ́mà mi ti sọ mí di ọ̀daràn, "Àǹtí, inú ike lẹ ṣì ń kó òrí yín sí?", mo ní kò burú, mo gba Ọjọ́ta lọ níbi tí mo ti máa ń ra kẹ́míkà, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú ẹ̀ pé gbogbo ọjà àwọn ló máa ń jẹrà. Mo ra oríṣi mẹ́ta: kóló oparun, páálí róbótó bí agolo, àti agolo alumíníọ̀mù tí wọ́n ń lọ́ ọmọrí ẹ̀ pa.

Oparun ló dùn mí jù. Ó rẹwà, mi ò ní parọ́, owó ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ike. Mo délé, mo ń fi aṣọ nu inú ẹ̀, nǹkan kan mì lọ́wọ́ mi, mo fi ìka tì í, àfi pọ̀ọ́, ike funfun kan bọ́ síta! Mo yí ìdí ẹ̀ sókè, ọfà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà 5 láàárín. Nọ́ńbà 5 ni polypropylene, ike kan náà tí mo ti ń lò bọ̀ láti ọjọ́ yìí kẹ̀, wọ́n kàn wọ̀ ọ́ láṣọ ni. Àwọn tó kù, gúlúù ni wọ́n fi lẹ ike mọ́ oparun, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń ra ike àtijọ́ gan-an ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Mo pe bọ̀ọ̀dá tó tà á fún mi, ó ní, "Àǹtí, tí ò bá sí ike nínú ẹ̀, igi á mu òrí yín tán nìyẹn." Òótọ́ ló sọ. Kí ló wá dé tí ò sọ ọ́ kí n tó sanwó? Nígbà tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọrí ẹ̀ bu, gbogbo ẹ̀ dúdú tótòtó.

Ti páálí ò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ mọ̀ pé tí ooru bá ti ń sún mọ́ 35 dìgírì, òrí á yọ́, ká má wá sọ inú àpótí ẹ̀yìn ọ̀kadà lọ́sàn-án gangan. Kọ́sítọ́mà mi kan ní Ìkòròdú fi fọ́tò ránṣẹ́, epo ti la páálí já, sítíkà tí mo lẹ̀ mọ́ ọn ti ṣí, ó ní ṣé àkàrà ni mo gbé fóun ni. Àwọn kan wà tí wọ́n tẹ́ ọ̀rá sínú ẹ̀, èyí yẹn kì í mu epo, àmọ́ ọ̀rá inú ẹ̀ ò ní jẹrà, ṣé ẹ wá rí i báyìí? Osùn lẹ́bú nìkan ni mo ń kó sí páálí báyìí, ó sì bá a mu wẹ́kú.

Agolo alumíníọ̀mù ló gba ẹ̀bùn o. Kì í dípẹtà ní balùwẹ̀, epo ò lè gbà á kọjá, tí òrí bá yọ́ nínú ẹ̀ á tún dì padà síbẹ̀, àwọn tó ń ti bárò kiri ra páànù àtijọ́ á sì fi ìdùnnú gbà á torí wọ́n lè yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àléébù ẹ̀ ò ju pé tó bá jábọ́, á tẹ̀, ọmọrí ẹ̀ ò sì ní wọ ibi tó yẹ mọ́. Ẹ má ṣáà fi kó ọṣẹ dúdú! Eérú tá a fi se ọṣẹ máa ń jẹ alumíníọ̀mù, mo gbìyànjú ẹ̀ wò, kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí inú agolo fi dúdú tó sì ń họ bí ara ẹni tó ní kúrúnà.

Ọṣẹ ní tiẹ̀, mo ti padà sí ewé gbódògì bíi ti ìyá mi àgbà, fún àwọn tó wà nítòsí tí wọ́n á lò ó kíákíá, torí tí ewé bá gbẹ, á fọ́. Ti ọ̀nà jíjìn, inú ìgò ló ń lọ, ẹni tó bá dá ìgò padà, mo máa ń yọ díẹ̀ fún un nínú owó ọjà tó kàn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ rajà yìí, ẹ mú òróró díẹ̀ dání, ẹ kán an sí páálí wọn kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ sì fi ìka gbọ́n inú oparun yẹn dáadáa níwájú ẹni tó ń tà á. Oparun tèmi ṣì kù ogún lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọmọ mi ti mú mẹ́rin níbẹ̀ tó fi ń kó bọ́tìnnì.