Àtẹ ìran ìdílé della Scala tí mo rà ní Verona

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ìtàn ìdílé, bí ẹsẹ̀ yín bá kan Verona ní Ítálì, ẹ ra àtẹ ìran ìdílé della Scala yìí, àwọn tó ṣàkóso ìlú náà láyé àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ń ta àwòrán àti káàdì nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì Santa Maria Antica ni mo ti rà á, yúrò 18. Bébà rẹ̀ nípọn, tàdáwà rẹ̀ kò ràn, àwọn orúkọ náà sì hàn ketekete.

Mastino kìíní ló wà lókè pátápátá, ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí àwọn ará ìlú ní 1262, tí wọ́n sì pa ní 1277. Àbúrò rẹ̀ Alberto ló bọ́ sípò. Ọmọ Alberto mẹ́ta ló jẹ tẹ̀ léra: Bartolomeo, Alboino, Cangrande. Cangrande yìí ló gba akéwì Dante lálejò. Ó ṣẹ́gun ìlú Treviso ní oṣù keje 1329, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi kú síbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kò bímọ fún un, nítorí náà ìlà pupa tó ń gbé oyè lọ ní láti padà sọ́dọ̀ Alboino kó tó bọ́ sórí àwọn ọmọ rẹ̀, Alberto kejì àti Mastino kejì. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́, ẹ ó rí bó ṣe yí po. Ibẹ̀ nìkan tó owó tí mo san.

Ọ̀rọ̀ wá le lórí àwọn ọmọ Mastino kejì. Cansignorio pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Cangrande kejì, ní 1359. Nígbà tí ikú ń bọ̀ wá mú òun náà ní 1375, ó ní kí wọ́n pa àbúrò rẹ̀ Paolo Alboino lẹ́wọ̀n, kí oyè lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ àlè tirẹ̀, Bartolomeo àti Antonio. Ní 1381, Antonio ní kí wọ́n pa Bartolomeo. Àtẹ náà kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Àgbélébùú bíńtín kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún ikú gbogbo wọn, àtẹni tó kú lórí ibùsùn, àtẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ pa.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn obìnrin. Regina, ọmọ Mastino kejì, fẹ́ Bernabò Visconti ti Milan ní 1350. Igun ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí, ìlà rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọmọ rẹ̀ Caterina ni Gian Galeazzo Visconti fẹ́, Gian Galeazzo yìí ló sì lé Antonio kúrò ní Verona ní 1387. Ọkọ ọmọ Regina ló lé ọmọ àbúrò Regina! Ẹni tí kò bá mọ èyí á rò pé àjèjì lásán ló wá gbàlú lọ́wọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì tí Regina kọ́ ní Milan náà ni tíátà La Scala ti gba orúkọ, torí orí ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́ tíátà ọ̀hún sí, tí wọ́n ṣí i ní 1778.

Síbẹ̀, ẹ rà á. Ẹ mú bíró, kí ẹ fa ìlà Caterina fúnra yín. Ẹ gbé e lọ sí ibojì wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Àkàbà tó jẹ́ àmì ìdílé wọn wà lára irin tó yí i ká. Ère Cangrande lórí ẹṣin tó wà lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ̀dà ni. Ojúlówó rẹ̀ wà ní mùsíọ́ọ̀mù Castelvecchio. Omi lè ba bébà náà jẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀rá wé e fún yín.