Ọ̀rọ̀ "kọ" tó fẹ́ da èmi àti ọ̀rẹ́ mi rú: àgbéyẹ̀wò pọ́díkáàsì ẹ̀

Èmi ò kì í sábà kọ àgbéyẹ̀wò, àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi kínú mi lè rọlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pọ́díkáàsì lórí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó nínú orin àti fíìmù Amẹ́ríkà, mo sì yáa sanwó oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, tọ̀rẹ́ ẹni ni.

Apá kìíní ò burú. Apá kejì dùn gan-an, ibi tó ti sọ bí òṣèrébìnrin Hattie McDaniel ṣe gba Oscar lọ́dún 1940, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tó máa gbà á, síbẹ̀ tí wọ́n fi í sídìí tábìlì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Àfi apá kẹta. Ọ̀gbẹ́ni ní Big Mama Thornton, olórin aláwọ̀ dúdú nì, ló kọ orin "Hound Dog" lọ́dún 1952, inú orí ara ẹ̀ ló ti hú u jáde, Elvis Presley, olórin òyìnbó, wá jí i gbé lọ́dún 1956. Hàà! Mo pè é, kò gbé e, ni mo bá fi ohùn ránṣẹ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko, pé ọmọ òyìnbó méjì tó jẹ́ ọmọ ọdún 19, Jerry Leiber àti Mike Stoller, ló kọ ọ́ fún ìyá yẹn. Ó fèsì pé, "Ṣé ìyá náà ò kọ ọ́ ni? Kọ tí mo sọ, tẹnu ni." Ẹ gbọ́! Èdè wa ló sá sábẹ́ ẹ̀, torí ká fẹnu kọ ọ́, ká fi bírò kọ ọ́, kọ náà ni. Mo ní orí tó ti hú u jáde ńkọ́, ṣé orí ló ń kọrin ni? Àmì búlúù méjì yọ. Ó dákẹ́ fọ́jọ́ méjì.

Ọmọbìnrin tó ń bá a tún ohùn ṣe ló wá bẹ̀ mí: "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n gé e kúrò." Mo ní rárá o, kó fẹnu ara ẹ̀ tún un ṣe ni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé apá kẹrin dé, ohùn tèmi ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sì tọrọ àyè! Mo kọ́kọ́ gbóná, mo wá bú sẹ́rìn-ín. Ó gbà pé òun ṣì í, ó sì ṣàlàyé pé ẹni tó kọ ọ́ kọ́ lẹjọ́, owó ni: ìyá yẹn fi orin náà wà lókè àtẹ Rhythm & Blues, ìyẹn orin aláwọ̀ dúdú, fún ọ̀sẹ̀ méje, àtẹ tí Billboard, ìwé ìròyìn orin Amẹ́ríkà, ń pè ní "Race Records" títí di 1949, ìyá náà sì ní sẹ́ẹ̀kì 500 dọ́là kan ṣoṣo lòún rí gbà nídìí ẹ̀. Ara mi bù máṣọ. Kò tíì ṣe èyí tó dáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Orin ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti gùn jù ṣá, ó ń dá mi lágara.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, nítorí ohùn mi tó lò láìtọrọ. Mo ti san toṣù mẹ́fà mìíràn.