Ọkọ̀ tuntun tó fara gbọgbẹ́ ní Òṣogbo: ta ló lè mú ọ̀dà rẹ̀ bára mu?

Iṣẹ́ páńẹ́lì-bítà kò wọ́n ní Òṣogbo. Láti Ògo-Olúwa títí dé Òkè-Baálẹ̀, àti lójú ọ̀nà Ìkìrun àti ti Ìwó, díẹ̀ ni àdúgbò tí ènìyàn kò ti ní gbọ́ ìró òòlù lára irin, tàbí kí ó rí ilẹ̀kùn ọkọ̀ tí wọ́n ti fi tépù àti ìwé ìròyìn bò lójú. Ohun tó wọ́n ni ẹni tí yóò kun ibi tó bàjẹ́ lára ọkọ̀ tíà-rọ́bà, tí ẹni tó bá wò ó lọ́sàn-án gangan kò sì ní lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí wọ́n kùn. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ nílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fojú oníṣẹ́ hàn: oòrùn ti pa ọ̀dà rẹ̀, yanrìn ti ha á, ìyàtọ̀ díẹ̀ a sì rí ibi fara pamọ́ sí. Ọkọ̀ tuntun kò ní irú ibi bẹ́ẹ̀ rárá, lọ́jọ́ tí ẹni tó ni ín bá sì fẹ́ tà á, ìyàtọ̀ àwọ̀ ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ fi já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Toyota Corolla aláwọ̀ eérú ni tèmi. Oníkòròpe kan ló fi igun bọ́ńpà rẹ̀ wọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì nítòsí Ọ̀láìyá. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tẹ̀ wọnú, fẹ́ńdà ẹ̀yìn ha lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ọ̀dà sì bó lára igun bọ́ńpà. Nǹkan tó bàjẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó kan irin àti ike pa pọ̀, ìyẹn ló mú kí yíyan oníṣẹ́ gba ìrònú.

Kí n tó dé orí àwọn oníṣẹ́, ọ̀rọ̀ adójútòfò kò ṣeé fò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023 ni NAICOM, àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ti sọ owó adójútòfò ẹni-kẹta fún ọkọ̀ àdáni di 15,000 náírà dípò 5,000, tí ohun ìní tí ẹlòmíràn bà jẹ́ sì lè gba owó àtúnṣe tó tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí rẹ̀. Ìyẹn ni pé bí ìwé ẹni tó gbá yín bá jẹ́ ojúlówó, kò yẹ kó jẹ́ àpò yín nìkan ni owó àtúnṣe yóò ti jáde. Ẹ ya fọ́tò, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù kan ọkọ̀ náà kí ilé iṣẹ́ adójútòfò tó rí i. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín oníṣẹ́ kan àti èkejì, nítorí pé ìwé ìṣirò owó tó ya iṣẹ́ irin, ọ̀dà, ohun èlò àti owó ọwọ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni ilé iṣẹ́ adójútòfò máa ń béèrè, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ kò sì kọ ju iye owó kan ṣoṣo sórí bébà lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ gan-an ló ṣòro jù. Lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ ni Toyota ń lẹ ìwé pẹlẹbẹ kan mọ́. Níwájú ibi tí wọ́n kọ C/TR sí ni ènìyàn yóò ti rí nọ́ńbà ọ̀dà. 1G3 ni tèmi, èyí tí ilé iṣẹ́ náà ń pè ní Magnetic Gray Metallic. Oníṣẹ́ tí kò bá ṣí ilẹ̀kùn wo nọ́ńbà yìí, tó kàn ń sọ pé òun mọ àwọ̀ Corolla, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì máa lọ. Síbẹ̀, nọ́ńbà yẹn kò parí iṣẹ́. Àwọn ègé alumíníọ̀mù wẹ́wẹ́ ló wà nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, àwọn ló sì ń tan ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú ẹni. Bí wọ́n bá fín in kó tutù jù, àwọn ègé náà a rì sísàlẹ̀, àwọ̀ a sì dúdú sí i. Bí wọ́n bá fín in gbẹ, wọ́n a wà lókè, àwọ̀ a sì mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Agbára afẹ́fẹ́ inú kọ̀mpírésọ̀, bí ẹnu gọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń fín ọ̀dà ṣe jìnnà sí irin tó, àti bí ọwọ́ oníṣẹ́ ṣe yá tó, gbogbo rẹ̀ ló ń yí àwọ̀ padà, kódà bó jẹ́ inú agolo kan náà ni ọ̀dà ti wá. Ìlú aró ni wọ́n ń ki Òṣogbo, kò sì sí aláró tí yóò sọ pé nítorí pé inú ìkòkò kan náà ni aṣọ méjì ti jáde, dandan ni kí wọ́n dọ́gba: iye ìgbà tí wọ́n rẹ ẹ́ àti bí wọ́n ṣe sá a ní ohun tí wọ́n ń sọ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo wá ń wá lọ́wọ́ oníṣẹ́ nìyẹn: ẹni tó mọ̀ pé ọ̀dà inú agolo kì í ṣe ọ̀dà ara ọkọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan wà lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán tó dára lójú gan-an. Wọ́n ní yàrá ìkunkọ̀ tó ń mú ooru jáde, wọ́n ní kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí wọn yóò ṣe po ọ̀dà, wọ́n sì fi mí jókòó sínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà. Nígbà tí mo béèrè bóyá wọn yóò kọ́kọ́ fín ọ̀dà náà sórí nǹkan mìíràn kí a fi wé ara ọkọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn ní kọ̀ǹpútà kò lè ṣìnà. Wọ́n tún ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àti fẹ́ńdà nìkan ni àwọn yóò kùn, ààlà ilẹ̀kùn iwájú ni àwọn yóò ti dúró. Mo lọ wo ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà kan tí wọ́n ń múra láti gbé jáde: lábẹ́ iná inú yàrá, kò sí àléébù, nígbà tí wọ́n gbé e bọ́ sínú oòrùn, ilẹ̀kùn kan ti yàtọ̀ sí èkejì. Ní ti ooru yàrá tí wọ́n fi ń polówó ara wọn, kí a má gbàgbé pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ń yan ọ̀dà nínú ooru tó tó ìwọ̀n 140 Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì nígbà tí kò tíì sí ike tàbí wáyà lára rẹ̀. Ìwọ̀n bíi 60 ni ilé àtúnṣe lè lò. Ooru náà ń mú ọ̀dà gbẹ, ó sì ń dín eruku kù, èyí tó wúlò púpọ̀ nígbà ọyẹ́, ṣùgbọ́n kò mọ nǹkan kan nípa àwọ̀.

Ọ̀gá kan wà ní ìhà Alékúwodò tí mo fẹ́ràn iṣẹ́ irin rẹ̀ ju ti gbogbo wọn lọ. Ó ń fi ọwọ́ pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ lójú dídì láti mọ ibi tó tẹ̀, ó sì ń fi òòlù kékeré gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ láti inú wá. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan, mo sì fi kan fẹ́ńdà ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó lẹ̀ mọ́ ọn dáadáa, èyí tó fi hàn pé kò rọ́ bọ́dì fílà, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dí ibi tó tẹ̀, bò ó. Bí ó bá jẹ́ pé irin nìkan ló bàjẹ́ lára ọkọ̀ mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ǹ bá gbé e sí. Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ló ti ń fín ọ̀dà, eruku títì sì ń bọ̀ tààrà.

Ilé iṣẹ́ tí mo yàn wà lójú ọ̀nà Ìkìrun, kò sì ní ohun ọ̀ṣọ́ kankan. Yàrá bíríkì kan ni, tí wọ́n fi ọ̀rá bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀, tí fáànù ńlá ń fa afẹ́fẹ́ jáde ní ẹ̀yìn, tí wọ́n sì máa ń wọ́n omi sílẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó mú mi dúró níbẹ̀ ni ohun tí ọ̀gá náà kọ́kọ́ ṣe. Kò wo ibi tó bàjẹ́ rárá. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ka 1G3 sókè fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ó tú ìdérí ẹnu táńkì epo kúrò lára fẹ́ńdà, nítorí pé oníkòròpe kò kàn án, ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ pérépéré. Ó nù ún, ó fi kọ́ńpáùǹdù, ìyẹn ìpara tí wọ́n fi ń dán ọ̀dà, yọ ìdọ̀tí ojú rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ìdérí kékeré yẹn ló fi ń wọn gbogbo ọ̀dà tó pò.

Ó fín ọ̀dà sórí páálí pẹlẹbẹ kan tó ti kùn ní dúdú àti funfun lábẹ́, kí ó lè mọ ìgbà tí ọ̀dà bo abẹ́ rẹ̀ tán. Ó fín kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń gbẹ̀yìn, lé e, ó jẹ́ kó gbẹ, nítorí pé àwọ̀ tí kò tíì ní kílíà lórí kì í ṣe àwọ̀ tí ojú yóò rí níkẹyìn. Lẹ́yìn náà ló gbé páálí àti ìdérí náà jáde sínú oòrùn, ó wò wọ́n láti iwájú, ó tún tẹ̀ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ wò. Láti iwájú, wọ́n bára mu. Láti ẹ̀gbẹ́, ti páálí mọ́lẹ̀ jù. Ó dín agbára afẹ́fẹ́ kù, ó kán ọ̀dà dúdú díẹ̀ sí i, ó sì fín òmíràn. Ó tún mú un jáde nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, nítorí pé àwọ̀ méjì lè bára mu nínú ìmọ́lẹ̀ kan kí wọ́n sì kọ ara wọn nínú òmíràn. Nígbà tí mo ní ó ti dára lójú tèmi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ má tíì dúpẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ká tún un wò.”

Ohun tí a jọ jiyàn lé lórí ni ilẹ̀kùn iwájú. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ó sì ní òun yóò fín ọ̀dà dé ara rẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ni pé bó ti wù kí òun mú àwọ̀ náà tó, ojú ènìyàn yóò rí ìyàtọ̀ bí ọ̀dà tuntun bá parí síbi ààlà ilẹ̀kùn méjì. Ṣùgbọ́n bí òun bá jẹ́ kí ọ̀dà náà máa fẹ́lẹ́ lọ títí yóò fi parẹ́ láàárín ilẹ̀kùn iwájú, tí òun sì fín kílíà bo gbogbo ilẹ̀kùn náà, kò ní sí ibi tí ojú yóò ti gbá ààlà mú. Mo gbà, kì í ṣe nítorí pé ó sọ ọ́ dáadáa, bí kò ṣe nítorí pé òun nìkan ló sọ ọ́ láìjẹ́ pé mo béèrè.

Ní ti irin, ó tú wáyà bátìrì kúrò kí ó tó lo ẹ̀rọ tó fi ń fa ibi tó tẹ̀ síta, kò lu ihò kankan sára ilẹ̀kùn, ó sì fín oògùn ìpatà sí ẹ̀yìn irin náà. Ní ti bọ́ńpà, ó kọ̀ láti rọ́ fílà sí igun rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní ló ní ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹ̀yìn igun bọ́ńpà ló sì máa ń wà. Fílà àti ọ̀dà tó bá nípọn jù lè dí i lójú. Ó yọ bọ́ńpà náà kúrò, ó kùn ún lọ́tọ̀ pẹ̀lú oògùn tó ń mú kí ọ̀dà di ike mú, láì wọ́ tépù yí i ká lórí ọkọ̀.

Ẹ má rò pé kò ní àléébù. Ó pẹ́ ju bó ṣe ṣèlérí lọ, ohun tó sì bí mi nínú ni pé èmi ni mo ń pè é, kì í pe ènìyàn. Òjò ló fa púpọ̀ nínú ìdádúró náà, mo sì gbà pé ó tọ́, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá kún fún omi, kílíà lè di funfun bí ó bá ń gbẹ. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù kì í kọ òjò. Nígbà tí mo lọ gbé ọkọ̀, ojú ọ̀dà ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe kókó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀dà sì ta sára rọ́bà wíńdò. Mo fi hàn án, kò jiyàn: ó fi sáńdípépà 2000 àti omi fọ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi kọ́ńpáùǹdù dán an, ó sì nu rọ́bà náà mọ́. Eruku tó wọ inú ọkọ̀ ni mo fọwọ́ ara mi gbọ̀n.

Àwọ̀ náà bára mu. Mo ti wò ó lọ́sàn-án, mo ti wò ó nírọ̀lẹ́, mo sì ti ní kí ẹlòmíràn wá ibi tí wọ́n kùn fún mi. Bọ́ńpà nìkan ni ẹni tó bá fara balẹ̀ lè sọ pé ó yàtọ̀ díẹ̀ díẹ̀, èyí kò sì yà mí lẹ́nu, nítorí pé láti ilé iṣẹ́ wá náà ni ọ̀dà orí ike kì í fi gbogbo ara jọ ti orí irin.

Owó rẹ̀ ju ti Alékúwodò lọ dáadáa, ó sì kéré sí ti ọ̀nà Gbọ̀ngán. Ó gba àsanlẹ̀ tó tó owó ọjà, ó kọ rìsíìtì, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ títí mo fi rí iṣẹ́ náà nínú oòrùn. Ẹ má san gbogbo owó fún ẹnikẹ́ni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ Toyota funfun lásán, ìyẹn 040, kò nílò gbogbo làálàá yìí. Kò sí ègé dídán nínú rẹ̀, oníṣẹ́ tó bá mọ́ lọ́wọ́ lè kùn ún kó sì dára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ 070, funfun tó ń dán bí oòrùn bá kàn án, ìpele mẹ́ta ni ọ̀dà rẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n bá fín ti àárín ló sì ń pinnu àwọ̀ rẹ̀. Kí ẹ béèrè fún páálí ìdánwò níbẹ̀ kí ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀.