Irú màmá Bódìjà, ẹni tí kì í ta irú tí kò tíì yẹ

Láti ọdún 2019 ni mo ti ń ra irú wooro lọ́wọ́ màmá kan ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Mi ò yà sọ́dọ̀ ẹlòmíì mọ́.

Bàọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama, mo sì mọ ohun tó ń sọ irúgbá di irú. Bakitéríà kan, ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí, tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ni. Kò sẹ́ni tó ń bù ú sí i. Wọ́n á se irúgbá títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọ́n á bọ́ èèpo rẹ̀, wọ́n á tún un sè. Ṣùgbọ́n bakitéríà yìí ní èèpo líle tó máa ń sá sí, omi híhó kì í pa á níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti da irúgbá gbígbóná sínú igbá, tí wọ́n fewé bò ó, ó jí nìyẹn. Ẹ́ńsáìmù (èròjà tó ń fọ́ oúnjẹ) tó máa ń tú jáde, purotíásì, á máa fi omi já purotéènì tó gùn bí ẹ̀wọ̀n sí wẹ́wẹ́, títí á fi di ámínò ásíìdì, ìyẹn àwọn ẹyọ tó so pọ̀ di ẹ̀wọ̀n náà. Glútámétì wà lára wọn, òun náà ló ń fún màgí ládùn. Bí ámínò ásíìdì bá tún fọ́, amóníà, afẹ́fẹ́ tó máa ń ta síni nímú, á jáde, ìyẹn sì wà nínú òórùn tí gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé ẹ ń se ọbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ àsìkò. Mo bá màmá délé lọ́jọ́ kan, mo ní kí wọ́n bù fún mi. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan ìdí igbá, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kò tíì móoru tó. Padà wá lọ́túnla." Òótọ́ ni wọ́n sọ: bí bakitéríà bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, igbá á móoru. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni tiwọn máa ń lò. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá tẹ hóró kan: á rún, á sì fà yọ̀ọ̀ bí ilá. Èyí tí mo rà nínú ike ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan lọ́dún tó kọjá le koko, iyọ̀ nìkan ni mo sì tọ́ wò nínú ẹ̀fọ́ tí mo fi rò.

Òkúta wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú ti màmá o, mo sì ti bá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣàn án dáadáa. Kí ẹ sì tètè lọ, torí bó bá fi máa di aago mọ́kànlá, igbá wọn ti ṣófo.